Bàbá Elétí àti Kéèkì Tó Ń Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá rí ọkùnrin arúgbó kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi etí ti ilẹ̀kùn ààrò bí ẹni tó ń gbọ́ ìjà tọkọtaya ní yàrá kejì, ẹ má rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Elétí. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí nítòsí, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, Bàbá ni mò ń pè é, nítorí mi ò fẹ́ wàhálà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kéèkì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣe é títí irun orí èmi gan-an fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Iwájú ni kàǹtà onígíláàsì wà, níbi tí ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti ń tajà. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn kì í tì dáadáa, nítorí náà gbogbo ohun tí a bá ń ṣe lẹ́yìn ni ẹni tó wà ní kàǹtà ń gbọ́, títí kan ohun tí kò yẹ kó gbọ́. Lẹ́yìn ni ààrò wà. Irin dúdú ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní gíláàsì, kò sì ní nǹkan kan lára tó ń sọ bí iná ṣe gbóná tó. Tábìlì onípákó kan dúró tì í, àárín rẹ̀ ti jìn díẹ̀ nítorí ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ tẹ nǹkan lé e. Lónìí, wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Bí mo bá ń kọjá, imú mi ṣì ń wá òórùn bọ́tà àti ti ṣúgà tó ń di pupa lórí iná. Kì í rí i, inú mi á sì bà jẹ́ díẹ̀ kí n tó dé orígun òpópónà.

Lọ́wọ́ obìnrin arúgbó kan ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Obìnrin yẹn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí ààrò wò. Bí atẹ́gùn tútù bá wọlé kí kéèkì tó jinná, àárín rẹ̀ á rì, kò sì sí àdúrà tó lè gbé e dìde mọ́. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n, etí náà ló sì fi kọ́ Bàbá. Bí kéèkì bá ṣì ní omi nínú, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí òjò winniwinni lórí òrùlé. Bí ó bá ń jinná lọ, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Tó bá ti dákẹ́, kí o yọ ọ́. Tí o bá jẹ́ kó dákẹ́ pẹ́, wá òòlù tí wàá fi jẹ ẹ́.

Bàbá kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan ibi tí kéèkì àti ohun dídùn ti wá. Ìgbà yẹn, ẹ wá àga jókòó. Á máa wádìí ìran kéèkì bí ìgbà tí èèyàn ń wádìí ìdílé ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́. Ẹnì kan á kàn wọlé pé òun fẹ́ ra bìsíkíìtì, Bàbá á sì nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀, á jáde wá síwájú.

"Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní bìsíkíìtì?" á bi í. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yan án láyé àtijọ́. Ohun tí orúkọ yẹn túmọ̀ sí nìyẹn. Wọ́n á yan án, wọ́n á tún yan án, kó lè gbẹ, kí àwọn atukọ̀ lè kó o lọ sójú òkun kó má bàjẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́," Màmá á sọ láti ìdí kàǹtà, "ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gba bìsíkíìtì rẹ̀. Kì í ṣe ojú òkun ló ń lọ, ilé ló ń lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun á kọ́lé ìtàn, ìyàwó rẹ̀ á wó o, inú àwọn méjèèjì á sì máa dùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé nígbà kan, ọwọ́ àwọn olóògùn ni wọ́n ti ń ra ṣúgà, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n tín-ín-tín bí oògùn ikọ́, àti pé nígbà tó yá, ó di ohun tí wọ́n ń dà bí òkìtì ṣóńṣó, tó le bí òkúta, tí wọ́n ń fi ẹ̀mú gé jẹ. Tó bá dé ibí yìí, ohùn rẹ̀ á yí padà. Á ní àwọn ẹrú tó gbin ìrèké yẹn, tí wọ́n gé e, tí wọ́n sè é nínú ooru, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tọ́ kéèkì wò títí wọ́n fi kú. "Ohun dídùn yìí," á ní, "ẹkún pọ̀ nídìí rẹ̀. Má fi ṣòfò." Mo mọ àwọn tó kàwé jù ú lọ tí wọn kò ronú dé ibẹ̀ rí, mo sì mọ àwọn tó ronú dé ibẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi ṣúgà ṣòfò. Èmi wà nínú àwọn yẹn tí mo bá ń po tíì.

Ṣùgbọ́n kéèkì tó fẹ́ràn jù ni èyí tó ń pè ní ọgbọọgba. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀wé kà, ohun tí kò ṣòroó rántí ni wọ́n sì ń fẹ́. Kò sí páúdà tó ń mú kéèkì wú nígbà yẹn. Apá ẹni tó ń lù ú ló ń gbé e sókè. "Àgbà kéèkì nìyí," á máa sọ, á sì fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Kéèkì yẹn náà ló mú Màmá wá. Ó wá rà á nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, ó tọ́ ọ wò lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Kéèkì yín dùn, ṣùgbọ́n ojú yín kò dùn. Ẹ ò lè rẹ́rìn-ín sí oníbàárà?" Bàbá ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Màmá ní kó jẹ́ kí òun wá máa bá a ṣe é. Bó ṣe dé ìdí kàǹtà nìyẹn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọn kò bímọ. Àwọn èèyàn sọ tiwọn, wọ́n sọ ọ́ títí ó fi sú wọn, àwọn méjèèjì sì ń yan kéèkì lọ.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Bí gbogbo wa ṣe rò ó nìyẹn. Á wà pẹ̀lú oníbàárà, á kàn fi ẹni náà sílẹ̀ lójijì, á ti orí bọ ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ bá mi wo kọ́kọ́rọ́ mi." Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún á sì wà ní ìbàdí rẹ̀, tó ń dún. Lọ́jọ́ mìíràn, ìgbálẹ̀ ló ń wá, ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá á mí kanlẹ̀, á dìde lórí àpótí, á nawọ́ sí ohun tó ń wá. Bó sì ṣe ti dìde náà, kò ní padà tẹ́tí mọ́, á kúkú ní, "Ó ti dákẹ́," á sì yọ kéèkì rẹ̀ síta. Kì í jóná, kì í rì. Àwọn èèyàn á ní àgbàlagbà yìí kò lẹ́gbẹ́.

Àánú Màmá wá ń ṣe gbogbo ayé. Ìyàwó káfíńtà tó wà ní ọ̀kánkán wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n mú un lọ rí dókítà kó tó di pé yóò gbàgbé ọ̀nà ilé. Àwọn oníbàárà á máa rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Màmá á kàn máa wò wọ́n, á rẹ́rìn-ín. Bàbá alára sọ fún mi níjọ́ kan bí a ṣe ń lu ẹyin, ó ní, "Ìyàwó mi ti ń gbàgbé. Kò burú. Èmi á máa bá a rántí."

Òjò kan rọ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sì ń yọ̀. Màmá fẹ́ da omi nù, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ilé ìwòsàn dá a dúró. Èmi bọ́ sí ìdí kàǹtà, Bàbá wà lẹ́yìn, a sì rò pé ohun gbogbo á máa lọ bó ṣe ń lọ.

Kéèkì àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, ara rẹ̀ ti dúdú. Bàbá ní ààrò ló ń ṣe wèrè. Èkejì náà jóná. Ó ní ìyẹ̀fun tuntun tí a rà kò dára. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ó ní èmi ni mo tan iná pọ̀ jù. Ó ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ tó máa ń tún ààrò ṣe. Ìyẹn wá, ó ṣí gbogbo rẹ̀, ó tún un tì, ó ní ara ààrò le ju ti òun lọ. Bàbá lé e jáde.

Ohun tó wá ká a lára jù ni kéèkì káfíńtà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, ọgbọọgba ńlá ni wọ́n ní ká ṣe. Bàbá lu bọ́tà àti ṣúgà yẹn fúnra rẹ̀ títí ó fi funfun. Ó gbé e sínú iná, ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì tẹ́tí. Mo ń nu tábìlì. Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn.

"Bàbá," mo ní, "ó jọ pé ó ti tó."

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

Mo sún mọ́ ààrò. Mi ò gbọ́ ohun kan tó ń sọ̀rọ̀. Òórùn yẹn ń le sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti dákẹ́."

"Ìwọ ni wàá kọ́ mi ni? Mo ní ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ọ."

Kò purọ́. Ó ń gbọ́ nǹkan. Èéfín ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn kó tó dìde. Ó yọ kéèkì náà sórí tábìlì, ó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Bàbá wò ó, ó wo ààrò tó ṣí sílẹ̀, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ó tún fi etí sí i. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohùn yẹn kò dákẹ́. Inú etí rẹ̀ ló wà.

Ó wá fìlà rẹ̀, a sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn Màmá sókè. Ó ti rù, ikọ́ kan tí mi ò fẹ́ràn sì ti wọ̀ ọ́ láyà. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Kí ló jóná?"

"Kéèkì káfíńtà," Bàbá ní. "Àti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀."

Màmá wò mí bí ẹni fẹ́ ní kí n jáde, ó tún fi mí sílẹ̀. "Ẹ jókòó," ó sọ fún un. "Ọjọ́ tí mo mọ̀ nípa etí yín, kò sí nǹkan kan nínú ààrò. Ẹ lọ kí káfíńtà, èmi sì ti bá yín yọ kéèkì síta. Ẹ wọlé, ẹ fi etí ti ilẹ̀kùn, ẹ ní ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ ní kí n fún un láyè díẹ̀ sí i. Ààrò òfìfo."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó ti pẹ́."

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le. "O wá ń tàn mí láti ìgbà náà."

"Èmi? Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń béèrè. Ẹ̀yin lẹ ń yọ kéèkì."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ilẹ̀kùn tí kì í tì dáadáa yẹn, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ kéèkì láti ìdí kàǹtà, pẹ̀lú ariwo oníbàárà àti ti òpópónà. Bí ohùn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, á wá nǹkan tí kò sọnù wá, kí ọkọ rẹ̀ lè dìde, nítorí tó bá ti dìde, á yọ kéèkì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́. Obìnrin tí orí rẹ̀ pé jù wá lọ jẹ́ kí gbogbo wa máa ṣàánú orí rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sì kọjú sí fèrèsé.

"Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé o ti ń ṣarán," Bàbá ní.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ta ló ń ra kéèkì nítorí orí mi? Nítorí etí yín ni wọ́n ṣe ń wá."

Bàbá dìde, ó mú fìlà, ó jáde. Kì í ṣe ìbínú, mo rò pé ojú ló tì í. Lọ́jọ́ kejì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sílé pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn, ó ní òun ti parí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a ṣẹ̀fẹ̀, mo tún bínú. Ó ní oníkéèkì tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tó ń fi bọ́tà tan iná ni. Ó ní kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Mi ò lọ ibì kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò mọ irú èèyàn tí yóò jẹ́ tí kò bá yan kéèkì mọ́. Mi ò rò pé òun náà mọ̀.

Ikọ́ Màmá sì ń pọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì kì í wò mí lójú mọ́ tí mo bá béèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Lọ sọ fún un pé mo fẹ́ jẹ ọgbọọgba. Kó má rà á o. Kó ṣe é."

Mo jíṣẹ́. Bàbá wo ògiri.

"Etí ta ni yóò gbọ́ ọ?"

"Tèmi, Bàbá."

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ti lu ẹyin, mo ti fọ páànù, mo ti ṣe ohun tí ó yẹ àti èyí tí kò yẹ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n jókòó nídìí ilẹ̀kùn ààrò rí. Ipò rẹ̀ ni. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ," ó ní. Kò parí òwe náà. Ó lọ wẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Òun ló wọn gbogbo nǹkan, òun ló lù ú. Nígbà tí kéèkì wọnú iná, ó gbé àpótí náà fún mi, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun ní apá kejì yàrá, ó sì ń wo ojú mi.

"Kí lo gbọ́?"

"Iná nìkan, Bàbá."

"Gbọ́ lẹ́yìn iná."

Mo pa ojú dé. Ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó wá. Ó kéré, ó ń yára, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ẹnu kéékèèké ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ ọ.

"Bá mi ròyìn rẹ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Mo ròyìn rẹ̀. Mo ní ó ń ta pàrà, ó tún ń lọ sílẹ̀, ó tún gbérí. Bàbá ti di ojú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ka lẹ́tà ará ilé rẹ̀ sí létí. Mi ò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ohùn náà tán, mo ní, "Ó ti dákẹ́." Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó rọra dìde, ó wá aṣọ tí yóò fi di páànù mú, ó rìn wá. Kò jẹ́ kí n bá a yọ ọ́. Kéèkì náà dára, àfi etí rẹ̀ tó ti ṣú díẹ̀.

Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá. Bàbá gé e, ó fi bọ́ ọ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Ó pẹ́ díẹ̀ nínú iná," ó ní.

"Ó ń kọ́ṣẹ́ ni," Bàbá dáhùn, ó sì nawọ́ sí mi. Ó lọ bu omi wá fún un níta.

Màmá fà mí sún mọ́ra. "Ìwọ lo gbọ́ ọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"Má dúró dìgbà tó bá dákẹ́. Orúnkún ń dùn ún, kì í tètè dìde mọ́, kò sì ní fẹ́ kí o bá òun yọ ọ́. Pè é nígbà tí ohùn bá ṣì ku díẹ̀, kí o ní ó ti dákẹ́. Kó tó rìn dé ibẹ̀, yóò ti dákẹ́ lóòótọ́."

Màmá kò padà wá sílé. Lẹ́yìn tí a sin ín, Bàbá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpótí fún mi, a sì jọ ṣiṣẹ́ náà títí òun náà fi lọ. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé etí mi mú ju tòun lọ, pé gẹ́lẹ́ tí kéèkì bá dákẹ́ ni mo máa ń pe òun. Mi ò bá a jiyàn.